Ṣé O Mọ̀? Ohun Ìyanu Nípa Ilé Ìwé Montessori

Ṣé o mọ̀ pé torí ògiri ni wọ́n ṣe dá ilé ìwé Montessori àkọ́kọ́ sílẹ̀? Ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ìlú Róòmù, bí bàbá àti ìyá bá ti gba ibi iṣẹ́ lọ, àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ a máa sá sókè sódò lórí àtẹ̀gùn, wọn a sì máa ba ara ògiri jẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ni àwọn ilé náà bá wá ẹni tí yóò kó wọn jọ sójú kan. Dókítà Maria Montessori ló gbà á, obìnrin tó kàwé ìṣègùn jáde lọ́dún 1896, nígbà tí dókítà obìnrin ṣọ̀wọ́n bí ojú ní Ítálì. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1907 ni wọ́n ṣí i, wọ́n pè é ní Casa dei Bambini, ìyẹn Ilé Àwọn Ọmọdé.

Ṣé o mọ̀ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tì pa ni ohun èlò àwọn ọmọ wà tẹ́lẹ̀? Lọ́jọ́ kan olùkọ́ gbàgbé láti tì í, ó sì pẹ́ dé. Nígbà tí yóò fi wọlé, oníkálukú ti mú èyí tó wù ú, iṣẹ́ ti ń lọ. Lójú olùkọ́, olè ni wọ́n jà. Lójú Montessori, ọmọ tó ti mọ ohun tó fẹ́ ni wọ́n. Bí pẹpẹ kúkúrú tí kò ní ilẹ̀kùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, títí dòní.

Ṣé o mọ̀ pé igi lè báni tọ́ ọmọ sọ́nà? Wo igi gbọọrọ kan tí wọ́n gbẹ́ ihò 10 sí. Igi róbótó 10 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí kékeré tí ọmọ yóò fi ìka mú, kálukú ló sì ní ihò tirẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì í fi sí ihò tó fẹ̀ jù, ọ̀kan á ṣẹ́ kù nígbẹ̀yìn tí kò níbi tí yóò wọ̀. Àǹtí ò ní láti wí nǹkan kan. Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà ní San Lorenzo tó ń tú u, tó ń tò ó. Montessori ní kí àwọn yòókù kọrin yí i ká. Kò gbọ́. Wọ́n gbé òun àti àga rẹ̀ ka orí tábìlì. Ó kó igi rẹ̀ sórí itan, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó tún un ṣe ju 40 ìgbà lọ kó tó gbójú sókè.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ lè kọ̀wé kó tó mọ̀ ọ́n kà? Wọ́n á gé lẹ́tà láti ara sáńpépà tí káfíńtà ń lò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó dídán. Ọmọ á fi ìka méjì tọ ọ̀nà lẹ́tà náà, á máa pe ìró rẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Èdè Ítálì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ náà ni wọ́n ń pè é. Yorùbá kúkú rí bẹ́ẹ̀, bí a bá fi àmì sí i. Èmi ń retí ẹni tí yóò gé ẹ, ọ àti ṣ láti ara sáńpépà fún wa, kí àmì ohùn náà má gbẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún kan ní ìwọ̀n lọ́wọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ kan ni ení. 10 lórí wáyà ni ẹ̀wá. Wáyà 10 tí a so pọ̀ pẹrẹsẹ ni ọgọ́rùn-ún. 10 irú rẹ̀ tí a tò lé ara ni ẹgbẹ̀rún. Ọmọ ọdún mẹ́rin á fọwọ́ méjì gbé e, á mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ení kó tó lè kà dé ẹgbẹ̀rún.

Ní ilé ìwé Montessori, àwo tánganran àti ife gíláàsì tó lè fọ́ ni àwọn ọmọ ń lò. Èyí tó bá já bọ́ ti wí tẹnu rẹ̀.

Mussolini, olórí ìjọba Ítálì nígbà náà, gbé Montessori gẹ̀gẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba rẹ̀ ti àwọn ilé ìwé náà pa.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ni orúkọ Montessori? Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ sára pátákó jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀, l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Kó o tó sanwó, béèrè bóyá ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọmọ ọdún mẹ́fà jọ ń ṣe kíláàsì kan náà, kó o sì béèrè iye àkókò tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn láràárọ̀ láìdá ọmọ dúró. Wákàtí mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n pè fún ọ.