Dambe: Ìjà ọlọ́wọ́ kan tí kò ní aago, àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ká okùn mọ́wọ́

Àwọn ìjà kan wà láyé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, ẹ̀rín lẹ máa kọ́kọ́ rín. Lọ́dún 2003, nílùú Amsterdam, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún eré kan tí wọ́n ń pè ní chess boxing. Àwọn méjì á jókòó ta chess fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á dìde kan ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọ́n á tún padà sídìí chess.

Ṣùgbọ́n kò dìgbà tá a bá dé òkè òkun ká tó rí èyí tó yani lẹ́nu. Ní Nàìjíríà wa níbí, ìjà kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni oníjà fi ń kan ẹ̀ṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí okùn tó yí wọn ká bíi ti boxing, kò sì sí aago tó máa dún pé àkókò ti tó. Ìlù ló ń dún. Bí orúnkún ẹnì kan bá kan ilẹ̀ báyìí, wọ́n á ní wọ́n ti pa á. Ẹni tí wọ́n "pa" yìí á dìde, á gbọn yanrìn kúrò lára, á sì lọ mu omi.

Dambe lorúkọ ìjà náà. Lónìí, ẹni tó wà ní Ìdànrè, tí kò dé Kánò rí láyé ẹ̀, lè wò ó lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun téèyàn bá sì ń wò lójoojúmọ́, ó lè wù ú láti ṣe. Nítorí náà, ó dáa kí ọ̀dọ́ àti òbí mọ bí ìjà yìí ṣe ń lọ, ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀, àti ibi tí ewu ẹ̀ wà.

Ìjà àwọn alápatà

Ilẹ̀ Hausa ni dambe ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ń jà á ní àríwá Nàìjíríà, wọ́n sì ń jà á ní orílẹ̀-èdè Niger àti Chad pẹ̀lú. Láti ayébáyé, àwọn alápatà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Èyí ò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tó ń gbé màlúù ṣubú, tó ń la egungun lójoojúmọ́, ọwọ́ ẹ̀ ò ní ṣe kó má le.

Iṣẹ́ ẹran pípa sì máa ń gbé èèyàn láti ìlú kan dé òmíràn. Bí wọ́n bá ti kórè tán, tí owó ti wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí iṣẹ́ oko ti dínkù, àwọn ọ̀dọ́ alápatà á wọ abúlé wá. Wọ́n á pa ẹran, wọ́n á sì pe àwọn géńdé abúlé síta pé kí wọ́n wá dán agbára wọn wò. Onílù á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, àwọn kan á máa ki oníjà lóríkì, àwọn òǹwòran á máa fún ẹni tó bá wù wọ́n lówó.

Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ bí ìlú ṣe máa ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá ta kòkó tán. Àkókò fàájì bẹ́ẹ̀ ni dambe jẹ́ fún wọn, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n kàn fi ń ṣe tiwọn.

Nígbà tó yá, kì í ṣe alápatà nìkan ló ń jà á mọ́. Àwọn oníjà pín sí agbo, agbo kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ. Ọ̀kan lára wọn ń jẹ́ Jamus, bẹ́ẹ̀ Jamus ni Hausa ń pe Jámánì. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n bí sí àríwá Nàìjíríà, tí kò wọ bààlúù rí, lè jáde sójú agbo kí wọ́n sì kéde ẹ̀ pé ará Jámánì ti dé.

Ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ kan, asà lọ́wọ́ kejì

Yorùbá ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó ń ja dambe ò ní jiyàn, torí pé ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ló yàtọ̀ síra.

Ọwọ́ tó lágbára jù ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀kọ̀. Wọ́n á di ọwọ́ náà ní ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á wá ká okùn tó ní kókó mọ́ aṣọ yẹn pinpin. Ọwọ́ yìí nìkan ló láṣẹ láti kan ẹ̀ṣẹ́.

Ọwọ́ kejì ni asà. Òfìfo ló wà, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ á sì là sílẹ̀, oníjà á nà án síwájú. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti gbá ọwọ́ ọ̀tá dànù, láti wọn bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó, tàbí láti dì í mú.

Ẹsẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n lè fi ta ọ̀tá nípàá. Láyé àtijọ́, àwọn kan tiẹ̀ máa ń wé ṣéènì mọ́ ẹsẹ̀ tó wà níwájú. Àwọn mìíràn máa ń fi oje igi àti àfọ́kù ìgò ra okùn ọwọ́ wọn. Wọ́n ti fòfin de ti ìgò yẹn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Edward Powe, tó kọ ìwé Combat Games of Northern Nigeria lọ́dún 1994, kíyè sí i pé ìdúró àwọn oníjà dambe àti ọwọ́ kan tí wọ́n ń wé jọ àwòrán àwọn akànṣẹ́ Íjíbítì àtijọ́. Kí nǹkan jọra ò sọ pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìjà yìí kì í ṣe ohun tí àwọn ọmọ ìta kan kóra jọ dá sílẹ̀ lánàá.

Ẹni tó bá kanlẹ̀ ti "kú"

Ìpele mẹ́ta ni ìjà kan máa ń ní. Ṣùgbọ́n ìpele kan lè tán kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó sì lè pẹ́ títí. Ohun tó ń parí ẹ̀ ni kí ẹnì kan kanlẹ̀, tàbí kí àwọn méjèèjì dáwọ́ dúró, kó má sí ìjà tó ń lọ mọ́. Bí ọwọ́ ẹnì kan, orúnkún ẹ̀, tàbí ara ẹ̀ bá kan ilẹ̀, ìjà ti parí nìyẹn. Kisa ni Hausa ń pè é, ìyẹn pípa.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ́kọ́ rí dambe fi lè rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Àwọn méjì á dúró, wọ́n á na ọwọ́ òfìfo síwájú, wọ́n á fa ọwọ́ tí wọ́n wé sẹ́yìn, wọ́n á máa wo ara wọn níran. Ọ̀kan á sún síwájú, ìkejì á fà sẹ́yìn. Ìlù á máa dún. Lójijì, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo á jáde, ẹnì kan á sì ti wà nílẹ̀.

Ọgbọ́n ló wà nídìí ìdúró yẹn. Ẹni tó bá sáré kan ẹ̀ṣẹ́ tí kò bá a, ọ̀kọ̀ ẹ̀ ti lọ, ó dìgbà tó bá tó fà á padà. Láàárín ìgbà yẹn, ara ẹ̀ wà ní gbangba. Sùúrù ló ń borí níbẹ̀ ju ìbínú lọ.

Ìjàkadì tiwa náà ní irú òfin báyìí. Ẹni tí wọ́n bá dá, tí ẹ̀yìn ẹ̀ balẹ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́, wọ́n ti dá a nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjàkadì kì í na orí. Dambe ń na orí.

Ibi tí ẹ̀rín ti parí

Ọpọlọ èèyàn wà nínú agbárí bí ẹyin ṣe wà nínú èèpo. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá mú orí yí gbìrì, ọpọlọ á mì, ó sì lè fara gbá agbárí láti inú. Ohun tó ń jẹ́ kí ojú èèyàn ṣú, kó sì ṣubú lulẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń wòran á pariwo pé ìjà dùn. Dókítà tó bá wà níbẹ̀ á mọ̀ pé ọpọlọ ti fara pa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kó rántí Sẹ́gun Ọlánrewájú, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Success. Akànṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni, ó ti gba bẹ́líìtì Nàìjíríà àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2025, ó ń jà ní Bukom Boxing Arena nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana. Ní ìpele kẹta, ó ṣubú lu okùn. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó kú. Ẹni ogójì ọdún ni. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ wọn, rẹfirí sì wà láàárín wọn. Ẹ wá wo bó ṣe máa rí níbi tí kò ti sí ìkankan nínú méjèèjì.

Nǹkan mẹ́ta ló ń mú kí ewu dambe pọ̀ sí i bí wọ́n bá jà á bíi ti àtijọ́. Àkọ́kọ́, wọn kì í wọn ara oníjà, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó pé lágbájá tó tàmẹ̀dù ú jà. Ìkejì, okùn tó ní kókó máa ń la awọ ojú. Bí ẹni méjì bá lo okùn kan náà, ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lè kó àrùn ran ìkejì, yálà mẹ́dọ̀wú tàbí kòkòrò HIV. Ìkẹta, àwọn oníjà kan gbára lé ìfúnpá àti oògùn. Ohun tí oníkálùkù gbà gbọ́ yé e, ṣùgbọ́n ìfúnpá ò ní kí ọpọlọ má mì bí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ ṣá. African Warriors Fighting Championship, tí Maxwell Kalu dá sílẹ̀, wà lára àwọn tó gbé dambe sórí YouTube tí gbogbo ayé fi ń wò ó. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ìgbàlódé sì ti ń pín oníjà sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ara wọn ṣe wúwo tó. Ọ̀nà tí boxing náà gbà nìyẹn kó tó di ohun tó wà lónìí.

Bó bá wu ọmọ yín ńkọ́?

Kíkígbe mọ́ ọmọ ò ní kó má wù ú. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ bá a jókòó, kẹ́ ẹ sì bi í láwọn ìbéèrè kan. Ta ló fẹ́ kọ́ ọ? Ṣé ẹni náà ti jà rí, àbí orí fóònù lòun náà ti rí i? Bí ẹnì kan bá dákú, ta ló máa gbé e, ọkọ̀ wo ni wọ́n máa fi gbé e, ibo ni wọ́n sì máa gbé e lọ? Bí kò bá sí ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn yìí, kò tíì yá.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, kó kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ boxing lábẹ́ kóòṣì, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀ṣẹ́, kó tó ronú kan dambe. Kó jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò. Kó ní aṣọ àti okùn tiẹ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni pín in lò. Kó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá. Ní ti ìyẹn, ará Ìdànrè ò nílò jíìmù: àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Ẹni tó bá gùn ún dé òkè láì jókòó sinmi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń bọ̀ sípò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, kí gbogbo ilé mọ àmì orí tó fara pa, yálà dambe ló fà á, bọ́ọ̀lù, tàbí ọ̀kadà tó gbéni ṣubú. Bí ẹnì kan bá forí gbá nǹkan, tí orí wá ń fọ́ ọ gan-an, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò já geere mọ́, tí oorun ń kùn ún ju bó ṣe yẹ lọ, tí gìrì mú un, tàbí tí ẹyinjú dúdú méjèèjì ò tóbi bákan náà mọ́, ẹ má fi omi tútù wẹ orí ẹ̀ kẹ́ ẹ ní kó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì UNIMED wà ní Àkúrẹ́, ó sì wà ní ìlú Oǹdó.

Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ bá gbé ṣubú, tí ojú ẹ̀ ṣú, bó tiẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kò gbọ́dọ̀ padà sójú ìjà lọ́jọ́ yẹn. Kò sì gbọ́dọ̀ padà títí dókítà á fi sọ pé ó yá. Ẹ̀ṣẹ́ kejì tó bá ọpọlọ tí ti àkọ́kọ́ ò tíì san lè ṣekú pani.

Nínú dambe, ẹni tí wọ́n bá "pa" á dìde, á padà sílé lọ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó máa rí fún gbogbo ọmọ tó bá jáde lọ ṣeré.