Kóró Bọ́ǹbù: Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Rocky Flats àti Ọ̀rọ̀ tí ó Yẹ Iṣẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé orúkọ a máa ro irinṣẹ́ pẹ̀lú. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò ìtàn ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ti ṣe ohun ìjà átọ́míìkì, kí a lè yan ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní fi ewu iṣẹ́ náà pamọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún

Ní ọdún 1951 ni ìjọba kéde pé òun yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ kan sí Rocky Flats ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní nǹkan bí kìlómítà 26 sí ìlú Denver. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1952. Dow Chemical ni ó kọ́kọ́ bá ìjọba darí rẹ̀. Rockwell gbà á ní ọdún 1975. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń pèsè mẹ́táàlì tí a ń pè ní plútóníọ̀mù. Ibòmíràn ni wọ́n sì ti ń to bọ́ǹbù pọ̀. Ti Rocky Flats ni láti yọ́ plútóníọ̀mù, kí wọ́n sì rọ ọ́ di ohun roboto tí í wà ní àárín gbùngbùn bọ́ǹbù. Bí ẹ̀tù tí ó yí i ká bá bú gbàmù, yóò fún un pọ̀ lójijì, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ yóò sì máa là sí méjì, ọ̀kan yóò máa ran òmíràn. Nǹkan bí 70,000 irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe.

Ní gbangba, wọ́n fi nǹkan yìí wé ohun tí a ń fà kí ìbọn tó dún. Orúkọ yìí tan ni jẹ, nítorí nǹkan bí kìlógíráàmù 6 plútóníọ̀mù ni ó wà nínú bọ́ǹbù tí ó pa Nagasaki run ní ọdún 1945. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ni orúkọ kóró líle inú èso. Kóró bọ́ǹbù ni àwa náà dábàá.

Iná àti èéfín

Plútóníọ̀mù wẹ́wẹ́ a máa gbiná fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1957, ó gbiná. Iná náà jó asẹ́ tí í sẹ́ afẹ́fẹ́, eruku plútóníọ̀mù sì jáde síta. Iná ńlá mìíràn tún ṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ọdún 1969. Lẹ́yìn èyí ni Edward Martell, onímọ̀ kẹ́místrì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ erùpẹ̀ ẹ̀yìn odi ilé-iṣẹ́ náà wò, tí wọ́n bá plútóníọ̀mù nínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ fèsì pé àgbá epo tí ń jò, tí wọ́n tò síta fún ọdún púpọ̀, ni ó fà á. Ẹ̀fín nìwà: kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdajì

Ìtànṣán plútóníọ̀mù kò lè la awọ ara kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fa eruku rẹ̀ símú lè ní àrùn jẹjẹrẹ. Yóò tó nǹkan bí ọdún 24,100 kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà di nǹkan mìíràn. Bí a bá pe èyí ní ‘ààbọ̀ ẹ̀mí’, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé nígbà tí irú ọdún bẹ́ẹ̀ bá tún kọjá, gbogbo rẹ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdámẹ́rin yóò ṣẹ́ kù. ‘Ìgbà ìdínkù-sí-ìdajì’ ni ó sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Ìkádìí

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1989, àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ya wọ ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1992, Rockwell gbà pé òun rú òfin ààbò àyíká, ó sì san owó ìtanràn mílíọ̀nù dọ́là 18.5. Ọdún 1989 ni iṣẹ́ ṣíṣe kóró bọ́ǹbù dáwọ́ dúró níbẹ̀. Wọ́n wó ilé ibẹ̀, wọ́n sì parí ìfọ̀mọ́ ní ọdún 2005, pẹ̀lú nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là 7. Apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà ti di ibi ààbò ẹranko. Àárín rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parẹ́: ní ọdún 2018, ìjọba kéde pé Los Alamos àti Savannah River ni yóò máa ṣe kóró bọ́ǹbù.

Ilẹ̀ Rocky Flats yóò rántí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí a ó fi lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́wọ́ náà máa rántí.