Láàpútọ́ọ̀pù Ẹ Kò Bọ́ọ̀tù? Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́máàtì Ẹ̀!

Windows ń ṣe update lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Òmù-Àrán ni wọ́n bá mú iná lọ. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, torí náà òun náà kú fin-ín. Nígbà tí iná dé tí mo tàn án, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yọ, ojú ẹ̀ wá dúdú, ó kọ "No bootable device".

Àyà mi já. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń bu iyẹ̀pẹ̀ kiri oko lágbègbè Èsìẹ́ fún ìwádìí oyè kejì mi, inú ẹ̀rọ yẹn nìkan sì ni gbogbo èsì ẹ̀ wà. Ẹ má tíì bú mi.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wò ó fìrí.

"Àbúrò, Windows ẹ ti bàjẹ́. Ká fọ́máàtì ẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn fáìlì mi ńkọ́?"

"Ìyẹn ti lọ nìyẹn."

Mo gbé ẹrù mi, mo padà sílé.

Ṣé ẹ rí i, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, Windows kọ́ ló ń kọ́kọ́ jí. Ètò kékeré kan tó wà lórí bọ́ọ̀dù, UEFI (BIOS ni ti àtijọ́), ló ń kọ́kọ́ jí. Á yẹ mẹ́mọ́rì wò, á wá dísíìkì, á jí ètò kékeré mìíràn lórí dísíìkì náà, ìyẹn ló máa wá jí Windows, bí ará ilé ṣe ń jí ara wọn fún sààrì. Inú "bootstrap" ni ọ̀rọ̀ "boot" ti wá: okùn ẹ̀yìn bàtà, bíi kéèyàn di ti ara ẹ̀ mú kó fi fa ara ẹ̀ dìde.

Ìbéèrè tó kù ni pé, ta ni kò jí? Orúkọ ilé-iṣẹ́ yọ lójú tèmi, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀dù àti mẹ́mọ́rì wà láàyè. Mo tẹ F2 láti wọ UEFI (Esc tàbí Del ni lórí àwọn mìíràn), mo rí orúkọ dísíìkì mi níbẹ̀. Òun náà ò kú! Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, fọ́máàtì gan-an ò ní ràn mí lọ́wọ́.

Mo lo kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi láti fi Ubuntu sórí fláàṣì, mo fi bọ́ọ̀tù, mo yan "Try Ubuntu", kì í ṣe "Install" o. Gbogbo fáìlì mi ló wà níbẹ̀. Mo kó wọn tán kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Tí BitLocker bá wà lórí tiyín, ẹ máa nílò kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 ẹ̀. Ẹ wò ó nínú àkáǹtì Microsoft yín.

Fláàṣì Windows ni mo wá lò lẹ́yìn náà. Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ "bcdboot C:\Windows", ó sì jí.

Ní July 19, 2024, fáìlì CrowdStrike kan tó lábùkù dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dúró káàkiri ayé, títí kan ti pápákọ̀ òfuurufú àti ilé ìwòsàn. Wọn ò fọ́máàtì gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n wọ Safe Mode, wọ́n pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́, ó parí.

Mo padà lọ fi han ẹ̀gbọ́n yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi fláàṣì Ubuntu náà sílẹ̀ fóun dọ̀la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mi ò tíì rí i gbà.