MAKARÓÒNÌ ÀTI ẸRAN MÀLÚÙ NÍNÚ ÌKÒKÒ KAN

Ẹ̀yin ìyá wa ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní gbogbo ìlú tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, makaróònì kì í ṣe àjèjì nínú ilé ìdáná wa mọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé púpọ̀, ata, òróró àti máàgì nìkan ni a fi ń sè é. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ a máa yó ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní èròjà tí ó tó láti mú un dàgbà. Ẹran ni ó yẹ kí ó bá a rìn. Àwọn darandaran ilẹ̀ Hungary ni ó ni ọbẹ̀ ẹran tí a ń pè ní gulyás, orúkọ náà sì ti ara iṣẹ́ wọn wá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó wá da makaróònì pọ̀ mọ́ tiwọn. Alátata ni ọbẹ̀ náà, kò sì lè ṣòro fún ẹnu wa.

Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ ra ẹran kílò kan, makaróònì gíráàmù 500, tòmátì mẹ́fà, tàtàsé mẹ́ta, àlùbọ́sà ńlá méjì àti ata rodo ní ìwọ̀n tí ọmọdé lè jẹ. Lọ́dọ̀ alápatà tí dókítà ẹranko ń yẹ ẹran rẹ̀ wò ni kí ẹ ti rà á, ní òwúrọ̀. Bí owó kò bá tó kílò kan, ẹ ra ìdajì, kí ẹ fi ẹ̀wà tí ó ti jinná kún un. Ẹran díẹ̀ náà yóò ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀wà, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ gé ẹran wẹ́wẹ́. Ẹ din àlùbọ́sà nínú òróró díẹ̀, kí ẹ da ẹran sí i, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi pọ́n. Ẹ bu omi bò ó, kí ẹ dé e, kí iná má pọ̀. Ó lè gba wákàtí kan àbọ̀ kí ó tó rọ̀.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Nítorí ìkánjú, tàbí nítorí owó gáàsì, àwọn kan a máa ju hóró parasitámọ̀ sínú ìkòkò kí ẹran lè tètè rọ̀. Àjọ NAFDAC kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2022 pé kí a jáwọ́ nínú àṣà yìí, nítorí pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Oògùn kì í ṣe èròjà ọbẹ̀. Ẹni tí ó ń ta oúnjẹ ní ibùdókọ̀ gan-an kò ní àwáwí. Ẹran tí a gé kéékèèké nínú ìkòkò tí a dé dáadáa yóò rọ̀ láìsí oògùn kankan.

Nígbà tí ẹran bá rọ̀, ẹ da ata lílọ̀ sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ bu omi kún un. Bí ó bá ti hó, ẹ da makaróònì sí i ní tútù, láìkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ máa rò ó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tí a bá dà nù lẹ́yìn bíbọ̀ a máa kó lára èròjà aṣaralóore lọ. Iyọ̀ díẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá lo máàgì, ẹ dín iyọ̀ kù, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ já tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ sí i kí ẹ tó sọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ ọsàn lé e. Fìdítì kò ṣe aláìní èso, èròjà inú ọsàn a sì máa jẹ́ kí ara túbọ̀ gba irin. Tíì ní tirẹ̀ a máa dí i lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ó di ìgbà mìíràn. Fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ gún ẹran náà kúnná kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì máa fún un ní ọmú lọ.

Èyí tí ó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta. Kòkòrò kan wà tí ó máa ń tu májèlé sínú makaróònì àti ìrẹsì tí ó sùn níta, gbígbóná kò sì lè pa májèlé náà run. Ẹ dà á nù. Bí ọmọ bá sì ti jẹ nínú rẹ̀, tí ó ń bì tàbí tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ máa fún un ní omi ORS díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín.