Òótọ́ àbí irọ́: Ṣé ẹṣin tó ti sinmi pẹ́ ló lágbára jù?

Bí ọkọ ìyàwó kan bá ní ẹṣin lòun fẹ́ gùn wọ ibi ìnáwó, ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, ẹ ó gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí: “Ẹ wá èyí tó ti sinmi dáadáa. Ẹṣin tí wọn ò gùn láti oṣù méjì, agbára rẹ̀ ti kún.” Wọ́n á ní bó bá tún jẹ́ èyí tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó tún dáa jù, torí ara rẹ̀ ṣì le. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹṣin tó fẹsẹ̀ pa, tàbí tí gàárì ti bó lẹ́yìn, ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi tó ń wo ọgbẹ́ sàn náà ló ń sọ ara di ọ̀lẹ.

Ohun tí ojú rí ló mú wa gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìso a máa fò sókè, a máa mirí, a máa fi pátákò walẹ̀. À ń pe ìyẹn ní agbára, bẹ́ẹ̀ ọkà tó jẹ tí kò rí iṣẹ́ fi ṣe ló ń ta lára rẹ̀. Ilẹ̀ wa náà sì dá kún un. Láyé àtijọ́, ní Ọ̀yọ́ Ilé tó wà ní ọ̀dàn, àwọn ẹlẹ́ṣin ni òpó ogun, ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn sì ti òkè ọya wá. Igbó ni tiwa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ilé eṣinṣin tsetse tó ń gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Nítorí náà, ẹṣin ayẹyẹ la mọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í rí ẹṣin lójúkojú àfi níbi ìnáwó, tàbí bí a bá lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí kò rí ẹṣin lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ìsinmi ń ṣe sí i?

Àwọn tó rí i lójoojúmọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹṣin ń fa ẹrù ní Yúróòpù, wọ́n ń fún un ní ìsinmi ọjọ́ Àìkú, oúnjẹ rẹ̀ kò sì dín. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò ní tíì rìn jìnnà tí ẹran itan rẹ̀ á fi le gan-an, tí ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi kọfí. Àìsàn ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ ọ́. Ìsinmi ọjọ́ kan péré nìyẹn o!

Bí ẹṣin bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi pípẹ́, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tètè ń padà bọ̀ sípò. Egungun àti iṣan tó so ẹran mọ́ ọn ló ń pẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹṣin ti ń farapa. Ní ti èyí tó kéré lọ́jọ́ orí, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbó tán kó tó pé nǹkan bí ọmọ ọdún 5. Ẹ wá ṣírò ẹrù. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio gbé ẹrù lé ẹṣin 8. Èyí tó tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kò ni wọ́n lára púpọ̀; nígbà tó dé 25 àti 30, ẹran ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Ẹṣin tó wọn kílò 300, kílò 60 ni tirẹ̀, gàárì wà nínú rẹ̀. Ọkọ ìyàwó wo ló kéré tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan á ní, “Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni.” Òwe náà dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú ló ń bá wí. Kò sọ pé kò gbọdọ̀ rẹ ẹṣin.

Bí ìsinmi bá ti ju oṣù kan lọ, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ẹranko wo ẹ̀jẹ̀, pátákò àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tún gàárì wò, torí ara tó sanra tàbí tó rù kì í gba gàárì àtijọ́ mọ́. Ẹ fi ìjánu fà á rìn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó fúyẹ́ gùn ún rìn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Eré sísá ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé àgbà ẹṣin tó mọ ọ̀nà: ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bó bá kọ̀, ẹ má nà án. Ẹṣin kì í tètè gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa dùn ún ni.

Irọ́ ni, kì í ṣe ìsinmi ló ń fún ẹṣin lágbára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yá ẹṣin, ẹ bi ẹlẹ́ṣin léèrè kí ẹ tó sanwó: ìgbà wo ni wọ́n gun ẹṣin yìí kẹ́yìn? Bó bá ní ó ti tó oṣù méjì, ẹ wá òmíràn.