Ta Ni Òṣìṣẹ́ Lójú Òfin? Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Johannesburg

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ṣe òfin iṣẹ́ ti ọdún 1995 fún Gúúsù Afíríkà mọ òwe yìí, nítorí pé kí ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ tó dé iwájú adájọ́, onílàjà ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí àárín wọn. CCMA ni orúkọ ilé ìlàjà náà. Johannesburg ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, láti oṣù Kọkànlá ọdún 1996 ni ó sì ti ń gbọ́ ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mọ iyì ilé yìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ojú rí kí a tó dá a sílẹ̀. Láti ọdún 1924 ni òfin ìlàjà ti wà ní ilẹ̀ náà. Òfin ọ̀hún gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láyè láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì bá ọ̀gá dúnàá-dúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń túmọ̀ ẹni tí í ṣe òṣìṣẹ́, ó yọ aláwọ̀ dúdú tí ó ń gbé ìwé ìrìnnà kiri kúrò. Ẹni tí ó ń wọ inú ilẹ̀ lọ lójoojúmọ́ láti wa góòlù, òun gan-an ni òfin sọ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́!

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1946, àwọn awakùsà dúdú ní agbègbè Johannesburg, nínú ẹgbẹ́ tí J. B. Marks jẹ́ ààrẹ rẹ̀, da iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣílè mẹ́wàá lóòjọ́ ni wọ́n béèrè. Ọlọ́pàá ni a rán sí wọn, ìjọba fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé ènìyàn 9 kú. Àwa náà kò gbàgbé Enugu, níbi tí ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949. Ó di ọdún 1979, lẹ́yìn ìwádìí ìgbìmọ̀ Wiehahn, kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúdú sí.

Nígbà tí Tito Mboweni di mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́, agbẹjọ́rò Halton Cheadle ni ó ṣáájú àwọn tí ó kọ òfin tuntun. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí a lé lẹ́nu iṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá, kò sì ní san kọ́bọ̀. Bí ó bá ti fi hàn pé a lé òun lóòótọ́, ó di ti ọ̀gá láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé lílé náà tọ́.

Owó ìlú ni a fi ń sanwó fún kọmíṣọ́nnà tí ó jókòó sí àárín wọn, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ìjọba, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí agbanisíṣẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà tọ̀tún-tòsì ni yóò gbọ́. Bí ìlàjà kò bá ṣeé ṣe, ẹjọ́ yóò di dídá, a ó sì kọ ìdájọ́ jáde láàárín ọjọ́ 14. A lè dá òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí a fún un ní owó gbà-má-bínú tí kò ju owó iṣẹ́ oṣù 12 lọ. Bí ó bá jẹ́ nítorí oyún tàbí àwọ̀ ara ni a ṣe lé e, owó náà lè tó ti oṣù 24.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún. Àjèjì kan tí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá àkókò gbé ẹjọ́ wá. Ní ọdún 2008, Kóòtù Iṣẹ́ ní òṣìṣẹ́ ni, CCMA sì lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti yí! Ní ọdún 1924, ìwé tí ọmọ onílẹ̀ gbé lọ́wọ́ ni ó yọ ọ́ kúrò nínú òṣìṣẹ́. Ní ọdún 2008, àìní ìwé kò lè yọ àlejò kúrò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé òfin lè sọ ènìyàn di ẹrú tàbí ọmọlúàbí. Àwa náà ní Kóòtù Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè láti ọdún 1976. Ẹ jẹ́ kí a mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.