Ìṣirò, Ẹlẹ́rìí Àlejò: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Bí oṣù kẹta ọdún bá ti wọlé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan ní í máa ń gba ẹnu tọmọdé tàgbà: ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Láti ọdún 2011, ẹgbẹ́ 68 ni wọ́n ń pè sí ìdíje ti àwọn ọkùnrin. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan péré, èrò ilé ló dà. Nítorí náà, ní ibi iṣẹ́, ní ilé oúnjẹ àti ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àwọn olólùfẹ́ eré náà a jókòó ti ìwé àti pẹ́ńsùlù, wọn a máa ṣírò, wọn a sì máa jiyàn. Ta ni yóò borí? Kí ni ó fi hàn bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò bá ní iye kan lọ́wọ́ tí ó lè tọ́ka sí, ariwo lásán ni wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá, pàápàá ẹni tí ó ń gbé ní ìdálẹ̀. Ní ìlú baba ẹni, oríkì ni ó ń ṣáájú ẹni wọlé; wọ́n mọ ilé, wọ́n mọ baba, wọ́n mọ ìyá. Ní ìlú onílùú, kò sí ẹni tí ó mọ oríkì àlejò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ó ṣeé kà ni yóò jẹ́rìí fún un. Bí ó ti rí nìyẹn fún Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, tí ó wọ Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ní 1980. Ó ti ń gbá hándíbọ́ọ̀lù nílé kí ó tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn ará Houston kò mọ ìdílé rẹ̀. Àkọsílẹ̀ oníye ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kò wúlò bí a kò bá mọ bí a ṣe ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ní sáà 1981 sí 1982, àmì 8.3 ni Ọlájùwọ́n ń jẹ nínú ìfigagbága kan, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ní sáà 1983 sí 1984, ó ti di 16.8. Ẹni tí ó bá wo èyí nìkan yóò sọ pé agbára rẹ̀ láti jẹ àmì ti di ìlọ́po méjì. Olóye yóò béèrè pé: ìṣẹ́jú mélòó ni ó lò lórí pápá? Nínú ìṣẹ́jú 40 tí eré náà ń gbà, nǹkan bí 18 ni wọ́n fún un ní sáà àkọ́kọ́. Ní sáà kẹta, ó ti di 34. Bí a bá fi ìṣẹ́jú 40 wọn méjèèjì, ti àkọ́kọ́ yóò jẹ́ bí àmì 18, ti ìkẹta bí 20. Ìyàtọ̀ náà kéré! Níbo wá ni ìdàgbàsókè rẹ̀ wà? Nínú 100 bọ́ọ̀lù tí ó jù, bí 61 ni ó ń wọ àwọ̀n ní sáà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 68 ní sáà kẹta. Ní sáà kẹta yìí kan náà ni ó gba ipò kìíní ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà nínú jíju bọ́ọ̀lù tí kò tàsé, àti nínú gbígba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà, tí ó ń gba 13.5 nínú ìfigagbága kan.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń fi iye kan ṣoṣo dájọ́. Bí obìnrin méjì bá ń ta ọsàn, tí èkínní jèrè igba náírà lórí ogún ọsàn, tí èkejì sì jèrè igba náírà lórí ọgọ́rùn-ún, èrè wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìṣòwò wọn kò dọ́gba. Ẹgbẹ́ tí ó ń fi eré sísá gbá bọ́ọ̀lù yóò jẹ àmì púpọ̀, ẹni ẹlẹ́ni yóò sì jẹ púpọ̀ lára wọn, nítorí pé bọ́ọ̀lù ń lọ, ó ń bọ̀ ní kíákíá. Nítorí náà, àmì tí ẹgbẹ́ jẹ nígbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a kà. Dean Smith ti ń lo ọgbọ́n yìí kí ó tó di olórí olùkọ́ni ní Yunifásítì North Carolina ní 1961. Dean Oliver ṣe àlàyé rẹ̀ ní kíkún nínú ìwé kan ní 2004. Ken Pomeroy, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwo bí ojú ọjọ́ yóò ti rí, wá fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ to gbogbo ẹgbẹ́ yunifásítì ní ipò-ní-ipò.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀ lásán. Ìgbìmọ̀ kan ni ó ń yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí yóò wọ ìdíje, ẹgbẹ́ tí wọn kò bá sì yàn, iṣẹ́ ọdún kan ti parí nìyẹn. Láti 1981, òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní RPI ni ìgbìmọ̀ náà ń wò. Òṣùwọ̀n yìí mọ ẹni tí ó borí àti ẹni tí ó pàdánù, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá àmì kan ni wọ́n fi borí tàbí ogójì. Àwọn olólùfẹ́ tí ń ṣe ìṣirò pariwo títí lórí èyí. Ní 2018, wọ́n pa RPI tì, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó ń wo bí ẹgbẹ́ ṣe ń lo bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1983, ní ìlú Albuquerque, Houston pàdé North Carolina State ní àṣekágbá. Houston ti borí nígbà 31, ìgbà méjì péré ni wọ́n sì ti pàdánù. Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ti na alátakò wọn ní sáà náà. Ta ni kò ní fọkàn sí Houston? Ọlájùwọ́n jẹ àmì 20, ó gba bọ́ọ̀lù 18 tí ó ta padà. Síbẹ̀, 54 sí 52 ni wọ́n fi nà wọ́n. Jim Valvano, olùkọ́ni North Carolina State, ti rí iye kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú fò: Houston kò mọ bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ jù, èyí tí ó dà bíi pẹ́nárítì nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tí eré ń lọ sópin, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣẹ àwọn òṣèré Houston kí wọ́n lè lọ jù ú. Nínú 19 tí Houston jù ní alẹ́ ọjọ́ náà, 10 ni ó wọlé. Àmì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án tàsé; àmì méjì ni ó pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí oníṣirò má ṣe gbéra ga. Bọ́ọ̀lù tí ó parí eré náà, láti òkèèrè ni Dereck Whittenburg ti jù ú, kò sì dé ibi tí ó ń lọ. Lorenzo Charles ni ó hán an lófuurufú, tí ó kì í bọ inú àwọ̀n. Ìṣirò wo ni ó lè sọ èyí tẹ́lẹ̀? Bákan náà ni ó rí ní 2018. Láti ìgbà tí ìdíje náà ti gbòòrò ní 1985, ẹgbẹ́ tí wọ́n tò sí ipò kìíní ti pàdé ti ipò kẹrìndínlógún nígbà 135, ipò kìíní ni ó sì borí nígbà gbogbo. UMBC wá na Virginia ní 74 sí 54. Iye ń sọ ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Kò búra fún ẹnikẹ́ni nípa ọ̀la.

Wọ́n pàdánù ní 1983, síbẹ̀ Ọlájùwọ́n ni wọ́n yàn ní òṣèré tí ó ta yọ jù lọ ní ìpele ìkẹyìn ìdíje náà. Àkọsílẹ̀ ti jẹ́rìí fún àlejò. Wọ́n ka gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó jù, wọ́n ka èyí tí ó gbà, wọ́n ka èyí tí ó fi ọwọ́ dí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Akeem ni wọ́n ń kọ sórí ìwé náà. Ó di oṣù kẹta ọdún 1991 kí ó tó kéde pé kí wọ́n fi lẹ́tà H ṣíwájú orúkọ òun, kí ó lè rí bí ó ti yẹ. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni àwọn tí wọn kì í ṣi bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kà fi ń ṣi orúkọ ẹni tí ó ń jù ú kọ.